Wọ́n Ní Mo Wà Níbi Ìsìnkú Bàbá Mi

Ẹ kú ulé o, Ìyá mi. Ẹ kú àìrí ara wa láti ìgbà pípẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níbi tí mo wà, lórí ilẹ̀ àwọn òyìnbó, mo kí yín. Mo kí Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, tí wọ́n ti di olórí ẹbí wa báyìí. Mo kí àwọn ìyàwó ilé, àgbà wọn àti èwe wọn. Mo kí Káyọ̀dé àbúrò mi, ẹni tí ó ni fóònù. Mo kí àwọn aládùúgbò wa ní Ẹ̀dá-Oníyọ̀, àwọn tí ó wà ní ìlú àti àwọn tí ó ṣì wà ní abúlé oko. Bàbá mi nìkan ni n kò kí. Ẹ ti sin wọ́n, ẹ kò sì sọ fún mi.

Bísọ́lá ni ó ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Ọmọ Ìdó ni, ó kàwé, òtẹ́ẹ̀lì ni ó ti ń tún yàrá ṣe níbí. Èmi ń sọ, òun ń kọ. Ẹ mọ̀ pé n kò dé ilé ìwé, nítorí Bàbá ní ẹnìkan gbọ́dọ̀ mọ ojú oko, ẹni náà sì bọ́ sí èmi. Bísọ́lá ti sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ti le jù fún ìyá ẹni. Mo ní ohun tí ẹ ṣe náà le. Ó ní kí a fi í sínú àpò lẹ́tà, kí ó jẹ́ ti ẹ̀yin nìkan. Mo ní rárá, kí ó gbé e sí ojú íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí àwọn ọmọ Ìkọ̀lé, ọmọ Ọyẹ́, ọmọ Ìdó àti àwa ará Ẹ̀dá tí a wà lókè òkun ti máa ń ka ìròyìn ilé. Gbangba ni ẹ ti ṣe tiyín. Káyọ̀dé yóò rí i, yóò sì kà á fún yín. Kí ó kà á dé òpin. Kí ó má fo ibi tí mo ti dárúkọ rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bá yín jà lé lórí. Àkọ́bí ni mí. Àkọ́bí ni ó ń kọ́kọ́ da erùpẹ̀ lé bàbá rẹ̀, òun ni ó sì ń bá òkú sọ̀rọ̀ ìkẹyìn létí kòtò kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. Ẹ ti ṣe é láìsí mi, ẹ wá ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé mo wà níbẹ̀. N kò sí níbẹ̀. Ẹ̀rọ ni ó wà níbẹ̀.

Kí ẹni tí kò mọ̀ wá lè mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń gbé níbí.

Abẹ́ ọ̀rá ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Sípéènì. Wọ́n fi ọ̀rá funfun bo oko látòkè délẹ̀, ó lọ títí ojú kò fi tó òpin rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá fi aṣọ funfun bo òkú ńlá kan. Tòmáàtì àti tàtàṣé ni a ń ká níbẹ̀. Ooru inú rẹ̀ ju ìdí ààrò tí ẹ ti ń yan gàrí lọ. Nígbà òtútù, bí a bá jáde sí ìta, atẹ́gùn òkun a gbá òógùn mọ́ wa lára, aṣọ a le gbagidi. Òjò wọn kò lójú. Ilẹ̀ wọn kò ní òórùn. Mo bu erùpẹ̀ rẹ̀ sí imú lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò rùn bí ohunkóhun. Ọ̀gá wa kò mọ orúkọ mi. Súfèé ni ó fi ń pè mí, bí Bàbá ṣe máa ń pe ajá ọdẹ wọn, àfi pé Bàbá fún ajá náà ní orúkọ.

Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ wá láti Mòrókò àti Málì. Ọwọ́ ni a fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. A lè ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì kí n má gbọ́ ohùn ara mi. Nígbà tí ó pẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá tòmáàtì sọ̀rọ̀. Mo ń pè é ní oríkì tí kì í ṣe tirẹ̀. Ará Málì tí a jọ ń gbé yàrá kan rí mi lọ́jọ́ kan, ó fi ìka yí etí rẹ̀, ìyẹn ni pé orí mi ti dàrú. Owó tí mo ń fi ránṣẹ́ sílé, ibẹ̀ ni ó ti ń wá. N kò kà á fún yín, mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ òórùn rẹ̀ ni. Oògùn kòkòrò ni ó ń rùn.

Ọmọ Ìlúpéjú kan tí ó ti kó lọ sí ìlú mìíràn báyìí ni ó mú mi dé ṣọ́ọ̀bù íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó fi nǹkan sí mi létí, ó ní kí n máa gbọ́. Ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ni ọkùnrin kan tí ó ń bú ọkùnrin mìíràn ní èdè wa, pé ìyá rẹ̀ kò kọ́ ọ bí a ti ń kí àgbà. Mo di orí kọ̀ǹpútà mú bí ẹni tí ó rí ìbátan. Ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Ojúde. Kì í ṣe ibi tí a fi ẹsẹ̀ rìn dé, inú íńtánẹ́ẹ̀tì ni ó wà, ṣùgbọ́n ẹnu ni a fi ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, a kì í kọ̀wé, ìdí nìyẹn tí èmi fi lè wọ ibẹ̀ bí ẹni tí ó kàwé. Ọ̀sán Sátidé ni wọ́n ń ṣí i. Ará Mòrókò tí ó ni ṣọ́ọ̀bù ti mọ̀ ọ́n. Bí ó bá ti rí mi lẹ́nu ọ̀nà, yóò ti lọ ṣí Ojúde sílẹ̀ dè mí.

Ojúde ní òfin. Ẹni tí ó bá wọlé gbọ́dọ̀ kí ilé, kí ó sọ ọmọ ẹni tí òun ń ṣe, kí ó sọ àdúgbò bàbá rẹ̀. Bí àgbà bá wọlé, ọkùnrin gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ níbi tí ó bá wà, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ rí i. Wọn a bi í pé ṣé àyà rẹ̀ kan ilẹ̀. Ọmọ Ùsì kan dọ̀bálẹ̀ nínú kíṣìnì rẹ̀, ọmọ rẹ̀ gùn ún lẹ́yìn, gbogbo wa sì gbọ́ bí ọmọ náà ṣe ń fi ìdí gbá a. Ìyá kan wà ní Áyálàńdì, àwa ń pè é ní Ìyá Olódó. Ó gbé odó láti Ọyẹ́ lọ síbẹ̀. Nígbà iṣu tuntun, yóò máa gún iyán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ kí gbogbo wa lè gbọ́ ọ. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ pe ọlọ́pàá, wọ́n rò pé ọkọ rẹ̀ ni ó ń nà án. Ó ní òun ṣí ilẹ̀kùn, òun ní kí ọlọ́pàá wá wo ẹni tí òun ń nà.

Wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè mí ní Àgbẹ̀ Abẹ́ Ọ̀rá. Wọ́n ní ṣé tòmáàtì mi máa ń wọ aṣọ òjò. Mo ní ẹni tí ó ń nu ìdí arúgbó òyìnbó ní Lọ́ńdọ̀nù kò gbọdọ̀ fi ẹni tí ó ń ká tòmáàtì ṣẹ̀sín, nítorí tòmáàtì kì í gbá ènìyàn létí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ọ̀kan nínú wọn kò rẹ́rìn-ín, mo sì mọ̀ pé mo ti bá a níbi tí ó ń dùn ún. Bí a ti ń ṣe nìyẹn. A ń gún ara wa lábẹ́rẹ́ kí a lè mọ̀ pé ara wa kò tíì kú. Láti Sátidé dé Sátidé, ibẹ̀ nìkan ni mo ti ń jẹ́ ọmọ ẹnìkan.

Ẹni tí ó ń darí Ojúde jẹ́ ará Ìkọ̀lé, Lọ́ńdọ̀nù ni ó ń gbé. Bàbá Ojúde ni a ń pè é. Bísọ́lá ní kí òun máa kọ "wọ́n" fún un nítorí ó ti dàgbà. Mo ní "ó" ni kí ó kọ. Bàbá Ojúde ní agbára kan lọ́wọ́: bí ó bá tẹ nǹkan lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ yóò yadi. Ìwọ yóò máa sọ̀rọ̀ lọ, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ọ. Òun ni ó sì ṣe òfin pé a kò gbọdọ̀ gbé ọ̀rọ̀ ikú wọ Ojúde láìjẹ́ pé àwọn àgbà ilé ti fọwọ́ sí i. Ó ní nílé, kí a tó túfọ̀ fún ènìyàn, àwọn àgbà a kóra jọ, wọn a jókòó yí i ká, ẹnìkan a ti wà lẹ́yìn rẹ̀ tí yóò dì í mú. Ẹni tí ó dá wà nínú yàrá òtútù, ta ni yóò di òun mú? Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ òfin yìí, mo yìn ín. Mo ní ọlọ́gbọ́n ni.

Ẹ̀yin náà mọ Bàbá. Láti ọjọ́ tí Káyọ̀dé ti ra fóònù ni wọ́n ti ní àwọn kò ní bá nǹkan tí ó ń wọ àpò sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ ohùn àwọn mọ ọ̀nà ilé. Bí mo bá pè, ẹ̀yin ni ẹ ó bá mi sọ̀rọ̀, ẹ ó ní Bàbá wà lóko, wọ́n ní kí ẹ kí mi. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Mo mọ̀ pé wọ́n jókòó tì yín, wọ́n kọ ojú sí ògiri, wọ́n sì ń fetí sílẹ̀, nítorí mo ń gbọ́ ikọ́ wọn. Èmi náà a wá gbóhùn sókè kí wọ́n lè gbọ́ èébú. N ó ní ẹ sọ fún olórí kunkun yẹn pé ebè tí wọ́n ń kọ kò tó ti abẹ́ ọ̀rá. Ẹ̀yin a rẹ́rìn-ín, wọn a tún wúkọ́. Ohun tí ó wà láàárín èmi àti wọn nìyẹn, èébú láti ọ̀dọ̀ mi, ikọ́ láti ọ̀dọ̀ wọn, ó sì tẹ́ àwa méjèèjì lọ́rùn. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n kú tí ẹ tún ní wọ́n wà lóko, kò yà mí lẹ́nu. Irọ́ tí ó ti di àṣà kì í rùn.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, atẹ́gùn líle fa ọ̀rá oko wa ya. Ọ̀gá lé wa sílé láìsan ohunkóhun. Mo yà sí ṣọ́ọ̀bù íńtánẹ́ẹ̀tì. N kò retí pé Ojúde yóò ṣí, mo kàn ní kí ọkùnrin náà bá mi wò ó. Ó ṣí. Ó kún fọ́fọ́. Mo fi nǹkan sí etí, orin ni mo gbọ́, orin ilé. Mo gbọ́ ohùn àwọn ìyá ìjọ. Mo gbọ́ fèrè. Mo gbọ́ ìbọn ọdẹ, ẹnìkan sì ń pariwo pé kí àwọn ọmọdé sún sẹ́yìn. Mo kí wọn. Gbogbo Ojúde dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, orin nìkan ni ó ń lọ.

Bàbá Ojúde ni ó dá mi lóhùn. Ó ní mo kú oríire, pé ìkórè ni wọ́n ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ẹ̀dá, Káyọ̀dé ni ó gbé fóònù dání níbẹ̀, òun sì gbé fóònù tòun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà kí gbogbo ọmọ Ojúde lè bá wọn yọ̀. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé ìkórè kì í bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì lè fi mí rẹ́rìn-ín. Orin ti dí mi létí. Àgbà tí ó kú ní tiwa, ijó ni a fi ń sin ín. Ta ni ó lè fi etí nìkan mọ ìyàtọ̀?

Mo dìde, mo jó. Okùn etí fà mí padà sórí àga, mo tún dìde. Àwọn ọmọ Mòrókò tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù lórí kọ̀ǹpútà yíjú pa dà wò mí. Ẹni tí ó ni ṣọ́ọ̀bù ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Bàbá Ojúde ní kí n gbe orin náà sókè, àwọn ará ilé ń gbọ́ mi. Mo gbè é. Ó ní kí n bá ilé sọ̀rọ̀. Mo béèrè yín, Ìyá mi. Wọ́n gbé fóònù sí yín lẹ́nu. Ohùn yín há. Mo ní ṣé orin ni ẹ kọ jù, ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní Bàbá ńkọ́. Ẹ ní wọ́n wà lóko.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo gbóhùn sókè bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo ní ẹ sọ fún olórí kunkun yẹn pé n kò bẹ̀ wọ́n mọ́. Mo ní bí wọn kò bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, kí wọ́n máa wà níbi tí wọ́n wà, kí wọ́n má dìde níbẹ̀. Mo ní ayé mi dára láìsí wọn. Lẹ́yìn náà mo dákẹ́, mo ń retí ikọ́. Kò sí ikọ́. Mo gbọ́ tí àwọn ènìyàn ṣe àmín lẹ́yìn yín, mo rò pé àdúrà ìkórè ni.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá. Ọjọ́ Sátidé ni Bísọ́lá kọ́kọ́ wọ Ojúde, kò mọ òfin wa. Ó kí ilé, ó sọ ọmọ ẹni tí òun ń ṣe. Bí ó ṣe gbọ́ orúkọ mi àti ìlú mi, ó ní ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìnáwó Bàbá, ìyá òun wà níbi ìsìnkú náà, ó ní Bàbá gbayì, kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ̀yìn wọn dára. Kò tíì sọ ọ́ tán tí ohùn rẹ̀ fi gé. Bàbá Ojúde ti pa á lẹ́nu mọ́.

Mo bi wọ́n pé bàbá ta ni. Ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Mo tún bi wọ́n. Mo pè wọ́n lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo pariwo, mo fi wọ́n bú. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé wọn kò dá mi lóhùn nítorí pé wọn kò gbọ́ mi. Ó ti pa èmi náà lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n kò dí mi létí. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń sunkún sínú ohun tí kò gbé e lọ síbì kan, mo sì ń gbọ́ bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ mi. Ọ̀kan ní ó ti bàjẹ́ báyìí. Ọ̀kan ní ṣebí òun ti ní kí a tètè sọ fún un. Ìyá Olódó ní kí wọ́n ṣí mi lẹ́nu. Ọkùnrin kan ní kí ó máa gún iyán rẹ̀ lọ. Bàbá Ojúde ní kí wọ́n jẹ́ kí n sunkún tán ná, nítorí àwọn ènìyàn wá síbẹ̀ láti sinmi ni, wọn kò wá gbọ́ igbe. Ó ní kí ẹnìkan dá orin. Wọ́n sì dá a. Nílé, àwọn àgbà ni ó ń di ènìyàn mú. Tèmi, ẹni tí ó ni ṣọ́ọ̀bù ni ó wá fi ọwọ́ kàn mí léjìká, láti sọ pé àkókò mi lórí kọ̀ǹpútà ti tán.

Mo pe Káyọ̀dé. Ohun tí ó kọ́kọ́ bi mí ni pé ta ló sọ fún mi. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí àbúrò mi bá mi sọ lórí ikú bàbá wa nìyẹn. Ó ní àwọn àgbà ẹbí ni ó pinnu. Ó ní n kò ní ìwé ìgbélùú, bí mo bá gbọ́ n ó sáré wálé, bí mo bá sì wálé n kò ní lè padà mọ́, ta ni yóò wá máa gbọ́ bùkátà ilé? Mo ní ṣé nítorí oúnjẹ ni ẹ kò fi jẹ́ kí n sin bàbá mi. Ó ní kí n má bínú, ó ní mo sin wọ́n. Mo ní báwo.

Ó wá ṣàlàyé fún mi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí ó mú ìròyìn ayọ̀ wá. Ó ní nígbà tí ó kan àkọ́bí, àlùfáà béèrè mi, Bàbá Kékeré sì ní mo wà nínú fóònù. Òun na fóònù sí ojú kòtò, ohùn mi jáde, mo ń kọrin, gbogbo ènìyàn gbọ́. Nígbà tí mo sọ pé kí Bàbá máa wà níbi tí wọ́n wà, kí wọ́n má dìde níbẹ̀, àwọn àgbà ní ó tó, àkọ́bí ti sọ̀rọ̀. Wọ́n ṣe àmín. Káyọ̀dé bu erùpẹ̀, ó ní ti ẹ̀gbọ́n òun nìyí, ó dà á. Ó ní títí di ìsinsìnyí ni wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní gbogbo agbègbè wa, pé kò tíì sí irú rẹ̀ rí, tí ọmọ dúró ní Sípéènì bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú sàréè. Ó ní àwọn ènìyàn kan tilẹ̀ rẹ́rìn-ín, wọ́n ní mo jọ Bàbá, pé agídí wa rí bákan náà.

Ìyá mi, ẹ dúró létí kòtò náà. Ẹ ń wo pósí ọkọ yín, ẹ la ẹnu, ẹ ní wọ́n wà lóko. Káyọ̀dé ní ẹ sunkún lẹ́yìn rẹ̀, pé ìfẹ́ ni ẹ fi ṣe é. Ẹkún yín kò kàn mí. Bísọ́lá ti dá bírò dúró níbí. Ó ní ọmọ kì í sọ irú èyí sí ìyá rẹ̀. Mo ní kí ó kọ ọ́, kí ó sì kọ pé òun dúró. Bí ẹ bá sọ òtítọ́ fún mi létí kòtò yẹn, pẹ̀lú gbólóhùn kan péré, èmi ìbá ṣubú nínú ṣọ́ọ̀bù náà, wọn ìbá fi omi wẹ̀ mí lójú, èmi ìbá sì dìde bá bàbá mi sọ̀rọ̀ bí ọmọ. Àwọn ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi. Mo ti ń kó wọn jọ láti ọjọ́ tí mo ti kúrò nílé. Èébú ni ẹ gbà lọ́wọ́ mi, ẹ fi sin wọ́n.

Ohun tí mo ń fẹ́ nìyí. Ẹ yọ mí kúrò nínú ìtàn yẹn. Kí Bàbá Kékeré dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìfilọ̀, kí wọ́n sọ pé àkọ́bí kò sí níbi ìsìnkú bàbá rẹ̀, pé a tàn án ni, pé ó bú bàbá rẹ̀ nítorí ó rò pé wọ́n ń gbọ́. Erùpẹ̀ tí Káyọ̀dé dà, tirẹ̀ ni. Tèmi ṣì wà nílẹ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá wá dà á, n kò ní rí ọ̀nà padà. Èmi àti ilé ni ọ̀rọ̀ yẹn, mo ṣì ń rò ó.

Lẹ́yìn ọjọ́ náà mo búra pé n kò ní dé Ojúde mọ́. Nígbà tí Sátidé pé, mo jókòó sórí ibùsùn. Ará Málì bu ìrẹsì fún mi, n kò jẹ. Ó fi ojú bi mí pé kí ló dé. Mo fẹ́ sọ fún un pé bàbá mi kú. Mo tọ́ka sí ilẹ̀, mo gbé ọwọ́ lé àyà, mo di ojú. Ó rò pé oorun ń kùn mí. Ó fa aṣọ fèrèsé fún mi, ó rọra jáde.

Ní Sátidé kejì mo padà sí Ojúde. Inú bí Bísọ́lá, tí ó ti wá mi kàn lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà, nítorí wọ́n ti lé e jáde níbẹ̀ títí láé. Ó ní kí ni mo tún ń wá lọ́dọ̀ wọn. Mo ní bí ó bá mọ ibòmíràn tí wọ́n ti mọ orúkọ bàbá mi ní gbogbo ilẹ̀ yìí, kí ó mú mi lọ. Wọ́n kí mi kú ara fẹ́ra kù. Wọ́n bẹ̀ mí. Bàbá Ojúde gbàdúrà gígùn, ó jẹ́ kí n sunkún, kò pa mí lẹ́nu mọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ìkà ni wọ́n, àwọn sì ni ènìyàn mi.

Ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá ni ọ̀rọ̀ mìíràn dé. Bàbá Ojúde ní kí èmi àti àwọn díẹ̀ dúró nígbà tí àwọn tó kù ti lọ. Ó ní ọ̀kan nínú àwọn tí ó ti wọ Ojúde rí ti pàdánù òbí nílé, kò sì mọ̀. Ìsìnkú ti sún mọ́. Ẹbí ti ní kí a má sọ. Ó ní bí ẹni náà bá ṣèèṣì wọlé lọ́jọ́ náà, èmi ni kí n dá orin, nítorí ohùn mi dára, ó sì yé mi ju gbogbo wọn lọ. Mo ní mo gbọ́. N kò bá a jà, kí ó má baà pa mí lẹ́nu mọ́. Mo jáde, mo pe Bísọ́lá, mo ní kí ó mú bírò wá.

N kò ní dárúkọ ẹni náà. N kò ní sọ bóyá ọmọ Ìkọ̀lé ni tàbí ọmọ Ùsì, bóyá bàbá ni ó kú tàbí ìyá. Bí mo bá dárúkọ rẹ̀, ẹnìkan ni yóò sunkún, àwọn tó kù yóò máa jó lọ. Bísọ́lá gbé bírò sílẹ̀ nígbà tí mo dé ibí yìí, ó jáde lọ pe Ìdó. Ó pẹ́ kí ó tó wọlé. Ìyá rẹ̀ gbé e. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ Ojúde tí ẹ ń ka èyí, níbikíbi tí ẹ bá wà, ẹ pe ilé lónìí. Ẹ má gba iṣẹ́ tí wọ́n rán lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ ní kí wọ́n gbé fóònù fún bàbá yín, kí wọ́n gbé e fún ìyá yín, kí ẹ sì dúró. Ẹni tí kò bá gbọ́ ohùn, òun ni.

Ìyá mi, inú mi kò tíì rọ̀, ṣùgbọ́n àdúrà kò ní kí inú rọ̀ kí ó tó gbà. Ẹ ó dàgbà, ẹ ó darúgbó. Ẹsẹ̀ yín kò ní yẹ̀ lọ́nà odò. Iṣu kò ní jẹrà nínú àká. Ẹ bá mi kí Bàbá Kékeré, ẹ sọ fún wọn pé mo ń retí ọjọ́ Ìsinmi. Ẹ kí àwọn ìyàwó ilé, ẹ kí àwọn ọmọ wọn, ẹ kí Káyọ̀dé tí ó ka èyí dé ibí. Kí Ọlọ́run tẹ́ Bàbá sí afẹ́fẹ́ rere.

Èmi ni ọmọ yín, àkọ́bí yín, tí kò sí níbẹ̀.